Ijó Tí Ẹṣin Pupa Jó

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Aláwọ fi rán gàárì kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀. Láti ìgbà tí kò tíì ga tó tábìlì ló ti ń rán awọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé báàgì, bẹ́líìtì àti bàtà tó ti yanu wá. Ṣùgbọ́n gàárì kì í ṣe báàgì. Ẹ̀yìn ẹṣin kan ò jọ ti èkejì, ẹni tó bá sì rán gàárì láìwọn ẹ̀yìn tó máa gbé e, bí ẹni tó ra bàtà fún àlejò tí kò rí rí ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹṣin tí wọ́n máa fi ṣe ìran fún èrò níṣẹ́. Abo ẹṣin aláwọ̀ eérú kan ni ọ̀gá ìran, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún un, nawọ́ sí pé òun ni yóò gbé gàárì náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́jú bí ilẹ̀kùn, ó sì ní sùúrù. Aláwọ tẹ wáyà rírọ̀ tó fi ń wọn ẹ̀yìn ẹṣin mọ́ ọn léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láàárín ẹ̀yìn, ó fi ẹfun sàmì síbi tó yẹ. Ẹṣin náà dúró jẹ́ẹ́, ó ń jẹ etí ìborùn Aláwọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Aláwọ délé, ó gé awọ pupa, ó fi ìda ra òwú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kó tó parí, àtàǹpàkò rẹ̀ ti le bí èèpo igi.

Nígbà tí ọjọ́ ìran pé, ọ̀gá ìran fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́ sí i. Ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò, ló bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí gbogbo àdúgbò ṣì ń pè ní Tíṣà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Tíṣà pààrọ̀ bàtà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde nílé. Ìgbà tí wọ́n fi dé pápá ìran, èrò ti kún dẹ́nu. Wọ́n wá ìjókòó wọn títí, wọ́n bá a lẹ́yìn òpó ńlá kan tí ènìyàn méjì ò lè gbá mọ́ra. Lápá ibi tí òpó ò dí, ọkùnrin kan wà tó dé fìlà tó fẹ̀ bí àwo ìgbóúnjẹ.

“Ṣé gàárì lo rán fún wọn ni àbí òpó?” Tíṣà bi í.

“Ẹ fà sápá òsì díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa ríran.”

“Tí mo bá fà sápá òsì, orí itan ọkọ ọlọ́kọ ni mo máa wà.”

Aláwọ na ọrùn bí adìyẹ tó ń wá ọ̀nà jáde nínú agbọ̀n. Ó fẹ́ rí gàárì rẹ̀ ní gbangba lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó di pé òógùn àti eruku pa á láwọ̀ dà. Kò rò pé ohun tí òun béèrè pọ̀ jù.

Nígbà tí àwọn ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, inú tó ti ń bí i fúyẹ́ díẹ̀. Ẹṣin dúdú méjìlá ló kọ́kọ́ jáde, ara wọn ń dán bí ìgò, gọ̀gọ̀ wọn ni wọ́n dì ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun ọmọge. Wọ́n sáré yí pápá ká, wọ́n pín sí méjì, wọ́n gba àárín ara wọn kọjá láìfara kanra, gbogbo wọn sì dúró gbọn-in lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn kúkúrú kan dé, tí ìdúró wọn ò ju ìgbáròkó ènìyàn lọ, wọ́n ń fò ga ju ara wọn. Ẹṣin funfun kan kúnlẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ẹni tó gùn ún sì bọ́ sílẹ̀ láìfò. Tíṣà pàápàá gbàgbé òpó.

“Àwọn ọmọ kíláàsì mi ò gbọ́ràn tó báyìí rí,” ló wí.

Nígbà náà ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé ìràwọ̀ ọjọ́ náà ń bọ̀, pẹ̀lú gàárì tuntun tí ojú ò rí rí. Aláwọ dìde díẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ fìlà ọkùnrin náà wò. Gàárì rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, pupa, ó ń dán, òwú funfun etí rẹ̀ ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe abo ẹṣin aláwọ̀ eérú ló gbé e. Akọ ẹṣin pupa kan ni, tín-ín-rín, tí egungun èjìká rẹ̀ yọ ṣóńṣó bí òrùlé.

“Ẹ̀yìn ẹ̀ kọ́,” Aláwọ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Kí lo wí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, gàárì yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Ó ti fẹ̀ jù fún un. Ó máa jókòó lé e léjìká gan-an, ibẹ̀ láá sì máa tẹ̀ ẹ́.”

“Ó bá a mu,” Tíṣà wí. “Pupa lórí pupa. Jókòó.”

Ẹlẹ́ṣin fẹsẹ̀ tẹ ẹṣin náà níkùn. Ẹṣin gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó sì fi etí méjèèjì lélẹ̀ sẹ́yìn. Ó ju ìrù sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Bí wọ́n ṣe ní kó sáré, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó fi tẹ̀yìn ta, ó ń fò lójú kan bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́ṣin náà mọṣẹ́, kò ṣubú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn èrò, ó sì tún fi ìdí lé gàárì rinlẹ̀. Ẹṣin tún fò.

“Ẹ wò ó, ó ń jó,” ni ọkùnrin inú ẹ̀rọ wí. “Ẹ bá a pàtẹ́wọ́.”

Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pa á lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni ń lùlù. Tíṣà náà ń pa á. Bí àtẹ́wọ́ ṣe ń le sí i ni ẹlẹ́ṣin ń le mọ́ ẹṣin, bí ẹlẹ́ṣin sì ṣe ń le mọ́ ọn ni ẹṣin ń fò. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ni àwọn àgbà máa ń wí. Ṣùgbọ́n Aláwọ mọ èyí tí inú ń run níbẹ̀ yẹn, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Ìrora ni gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ fún, abẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìrora náà sì ti ń wá.

Ó dìde tán pátápátá.

“Màdáámù, ẹ jókòó, a ò ríran,” ni àwọn tó wà lẹ́yìn wí.

“Ó ń dùn ún,” ló dá wọn lóhùn. “Kì í ṣe ijó. Gàárì ń tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kó máa tẹ̀ ẹ́,” ni ẹnì kan wí, àwọn tó yí i ká sì rẹ́rìn-ín.

Aláwọ sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn orúnkún, ó ń tọrọ gáfárà, ó ń tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà tó lọ sẹ́yìn pápá. Ẹ̀ṣọ́ kan dúró níbẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn.

“Tíkẹ́ẹ̀tì yín ò dé ibí, Mà.”

“Èmi ni mo rán gàárì tó wà lórí ẹṣin yẹn. Wọ́n gbé e sórí ẹṣin tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀gá ìran.”

“Ẹ ṣé, Mà. Ẹnì kan ti sọ fún mi láàárọ̀ pé òun lòun bí ẹlẹ́ṣin. Òmíràn ní òun lòun ta koríko. Ẹ lọ sí géètì kejì.”

Ó yí pápá ká dé géètì kejì. Wọ́n ní kó padà sí ti àkọ́kọ́. Ó padà síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà sì wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, ó ní kó lọ sí géètì kejì. Gbogbo àkókò yìí, ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ lókè orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gún un bí abẹ́rẹ́. Ó wá rí obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ koríko bọ̀, táyà rẹ̀ kan ti rọ̀. Aláwọ ò bi í léèrè, ó di etí kẹ̀kẹ́ kan mú, àwọn méjèèjì sì jọ tì í wọlé. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Ènìyàn sọ òótọ́, wọn ò ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti koríko, wọ́n yà fún un.

Ní ilé àwọn ẹṣin, ó bá bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú wọn, Bàbá Koríko, ẹni tó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó wá wọn ẹ̀yìn abo ẹṣin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ẹṣin pupa wọlé ni. Ó dúró, ó dorí kodò, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ní yàrá kejì, abo ẹṣin aláwọ̀ eérú ń jẹ koríko tirẹ̀ láìbìkítà.

“Bàbá, ta ló gbé e sórí eléyìí?”

“Ọ̀gá ni, ọmọ mi. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ ò bá ti eérú mu nínú fọ́tò. Mo sọ fún wọn láàárọ̀ pé kò jókòó dáadáa. Wọ́n ní ṣé èmi náà ti di aránwọ ni.”

Bàbá Koríko tú ọ̀já tó gba abẹ́ ikùn ẹṣin, ó gbé gàárì kúrò. Òógùn ti mu gbogbo ẹ̀yìn ẹṣin náà pátá, àfi ojú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun èjìká, tó tó àtẹ́lẹwọ́, tó gbẹ táútáú. Aláwọ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ibi tí gàárì bá ti tẹ̀ jù, òógùn kì í ríbi jáde. Ó fi ìka kan ṣoṣo kàn án, ẹṣin náà sì rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, ó wárìrì.

“Má bínú,” ló wí fún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ìran bá wọn. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

“Aláwọ, ẹ kú iṣẹ́. Gàárì yín ti sọ ẹṣin yìí di oníjó. Ọdún méjì la fi kọ́ ọ, kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí a máa ṣe nìyí lọ́la àti lọ́tùnla.”

“Ẹ ò lè ṣe é, Sà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀.”

Ọ̀gá wò ó fìrí. “Ẹ bá mi fi tìmùtìmù díẹ̀ sábẹ́ ẹ̀.”

“Bàtà tí wọn ò wọn mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, Sà, téèyàn bá wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sí i, ṣé ó máa bá a mu?”

“Fọ́tò rẹ̀ ti wà lára ògiri káàkiri. Ẹṣin pupa, gàárì pupa. Àwọn èrò ọ̀la, òun ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.”

“Ẹ gbé e fún abo ẹṣin tí mo wọ̀n.”

“Ìyẹn ò jó,” ọ̀gá wí, ó sì yíjú sí Bàbá Koríko bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. “Ẹ fún un lómi. Aago mẹ́rin lọ́la.”

Aláwọ wo gàárì náà lórí igi tí wọ́n gbé e kọ́. Lára ògiri, ọ̀bẹ tí Bàbá Koríko fi ń gé okùn ẹrù koríko wà lórí ìṣó. Ó yọ ọ́. Ó yí gàárì dojú dé, ó sì gé awọ méjèèjì tí ọ̀já máa ń so mọ́ nídìí, ojú rírán mẹ́tàlélógójì lápá kan, mẹ́tàlélógójì lápá kejì. Kò yára.

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa rán nǹkan fún wa mọ́,” ni ọ̀gá ìran wí.

“Mo gbọ́, Sà.”

Bó ṣe jáde, ó bá Tíṣà lẹ́nu ilé ẹṣin, tó ń fi ọwọ́ pa ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin kúkúrú lórí.

“Báwo lẹ ṣe wọlé?” Aláwọ bi í.

“Ẹ̀ṣọ́ yẹn ni? Mo kọ́ ọ ní ìṣirò. Ó ní kí n máa bọ̀.”

Àárẹ̀ mú Aláwọ débi pé kò lè bínú sí ìyẹn mọ́. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà. Tíṣà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó fi pàtẹ́wọ́, ó sì kì wọ́n bọ àpò aṣọ rẹ̀.

Bàbá Koríko ló wá sọ ìyókù fún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Gàárì àtijọ́ ni wọ́n lò lọ́jọ́ kejì. Ẹṣin pupa sáré dáadáa, ó fo ìdènà, kò jó, àwọn èrò kan sì ń kùn pé wọ́n tan àwọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń san. Ti gàárì tuntun, wọ́n gbé e jù sí yàrá ìkẹ́rùsí, abo ẹṣin aláwọ̀ eérú ò sì gbé e lẹ́ẹ̀kan rí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà ò yéé mú ọ̀rọ̀ ẹṣin tó jó wá. Ó ṣàlàyé fún ẹni àkọ́kọ́, ẹni náà ní kó má ba ìgbádùn òun jẹ́. Ó ṣàlàyé fún ìkejì, ìyẹn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìkẹta dé pẹ̀lú báàgì tí okùn rẹ̀ já, tó fara ti tábìlì, tó ní, “Ṣé ẹ rí ẹṣin tó jó lọ́jọ́ yẹn? Mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi,” Aláwọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

“Mo rí i,” ló wí. “Ẹ gbé báàgì yẹn wá.”