Ìwo Àgbáǹréré Bàbá Mi

Ẹ má wulẹ̀ bá mi wí, mo ti bá ara mi wí tó. Èmi Ẹ̀bùnlọlá ni mo fi ọwọ́ ara mi dáná sun ìwo àgbáǹréré bàbá mi, lẹ́yìn ilé wa ní Fẹ́sítáákì, ní ọ̀sán gangan.

Pásítọ̀ wa ló ní kí kálukú lọ wo ohun àjogúnbá ìdílé tó bá wà nílé rẹ̀, kó sì sun ún. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, gbogbo wa ti pariwo ẹsẹ Bíbélì lẹ́ẹ̀méje: “Ìwo mi ni ìwọ óò gbé ga bí ìwo àgbáǹréré!” Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo wá délé, mo yọ ìwo náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi níbi tó ti ń sùn, mo da kẹrosíìnì sí i. Irú ọpọlọ wo nìyẹn?

Ògúnjìnmí ni bàbá mi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa táńkà epo ní Sátẹláìtì. Ọdẹ ni bàbá tiẹ̀, òun ló sì fún un ní ìwo náà pẹ̀lú ìtàn rẹ̀: pé bí ejò bá tu oró sódò, gbogbo ẹranko á dúró létí omi, òùngbẹ á máa gbẹ wọ́n, àfi ìgbà tí àgbáǹréré bá dé, tó ki ìwo rẹ̀ bọ omi, kí odò tó ṣe é mu. Bàbá mi kì í gbé táńkà jáde láìmu omi nínú ìwo yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jóná lójú ọ̀nà, òun ń padà wálé.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo sun ún ni rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fo oògùn rẹ̀ o, pé rọpárọsẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní ṣe é gbà là.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn.”

“Gbé ìwo mi wá ná.”

“Mò ń wá a, Bàbá.”

Ọjọ́ mẹ́rin la fi sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wa. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo lọ bá Bọ̀dá Débọ́lá, alápatà kan lọ́jà Àgbójú, mo sì rojọ́ fún un. Ẹ̀rín pa á.

“Àǹtí, àgbáǹréré kẹ̀? Mo ti wò ó lórí fóònù. Ìwo tiẹ̀ ò ní ihò, ó le gbagidi ni. Èyí tó bá lè gba omi, ti ẹfọ̀n ni àbí ti màlúù. Wọ́n kàn tàn yín jẹ ni.”

Ọkàn mi balẹ̀. Ṣebí kì í ṣe àgbáǹréré látilẹ̀? Kí ni mo wá bà jẹ́? Mo ra ìwo màlúù, mo fọ̀ ọ́, mo fi epo pa á kó lè dà bí ohun àtijọ́, mo bu omi sí i.

Bàbá mi fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbà á. Ó wò mí lójú.

“Ẹ̀bùnlọlá, ṣé òun nìyí?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Fi Ọlọ́run búra.”

“Mo fi Ọlọ́run búra.”

Ó rọra da omi náà sílẹ̀.

“Mo gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí o sun ún,” ó fi ẹnu tó ti wọ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ni ín lára. “Mo sì mọ̀ pé ti ẹfọ̀n ni. Bàbá mi jẹ́wọ́ fún mi kó tó kú. Ìjẹ́wọ́ tìrẹ ni mò ń retí látọjọ́ yìí.”

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti Pásítọ̀, ti kẹrosíìnì, ti Àgbójú, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ó ti kọjú sí ògiri. Mo fi oògùn sí i létè, mo gbé kọ́ọ̀pù omi sún mọ́ ọn, kò lanu.

Ọjọ́rú ló kú. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.