Ta Ni Àjàní?

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọkùnrin kan tí kò lẹ́ran ara, tí kò léegun, tí wọ́n fi ọwọ́ yà ní ìlú Jàpáàn, ló fẹ́ da ìgbéyàwó rú ní Adigbe, ẹ ó ní irọ́ ni. Ẹ jókòó ná, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Hephzibah ni ọ̀rọ̀ náà dé bá. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Pápá Herbert, ló ń gbé. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni Pápá, òun náà ló máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìyá Hephzibah ò sí nílé lásìkò yìí, wọ́n ti lọ bá ẹ̀gbọ́n Hephzibah wẹ ọmọ tuntun n'Ílọrin. Lójú ọ̀sán, akọ̀wé ni Hephzibah ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń po oúnjẹ adìyẹ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wẹ̀, á jẹun, á jókòó sétí wíńdò níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára, á wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ sí.

Áníìmè ló ń tú palẹ̀, ìyẹn kàtúùnù àwọn ará Jàpáàn tí àgbàlagbà gan-an ń wò. Á wò ó tán, á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, á fi í sórí ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lórí Wasáàpù. Á sọ èyí tó dùn, á sọ èyí tí wọ́n fi omi là. Ẹnu ẹ̀ sì mú! Ó sọ nípa eré kan rí pé ẹni tó kọ ìparí ẹ̀, ebi ló ń pa á lọ́jọ́ náà. Nítorí pé orúkọ àwọn ará Jàpáàn máa ń lọ́ mọ́ni lẹ́nu, orúkọ Yorùbá ló máa ń fún àwọn èèyàn inú eré, kí àwọn tó ń gbọ́ ọ lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá kẹ́dùn.

Nínú gbogbo ohun tó ti wò, ọ̀kan ló gbé e lọ́kàn jù. Ọmọkùnrin kan ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lẹ́tà kiri àwọn erékùṣù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin sọnù sínú ìkùukùu lórí òkun, ló bá wa ọkọ̀ wọnú ìkùukùu náà, ó ní òun ń lọ mú un wálé. Ìyá wọn dúró létí omi, ó gbé àtùpà dání. Ibẹ̀ ni wọ́n dá a dúró sí. Ó tán! Àwọn tó ṣe é ò ṣe apá kejì, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ò ní ṣe é. Àwọn tí wọ́n jọ wò ó nílé ìwé ti ṣègbéyàwó, wọ́n ti ń bímọ, ìyá yẹn ṣì wà létí omi.

Alábàtà ni Hephzibah ti kọ́kọ́ wò ó, nígbà tó wà ní yunifásítì. Òun àti Tóbilọ́ba ni. Fóònù kan ṣoṣo ni wọ́n fi wò ó, wọ́n pín ìyápíìsì, etí kan tirẹ̀, etí kan ti Tóbilọ́ba. Tóbilọ́ba ló sọ ọmọkùnrin inú eré náà lórúkọ. Ó ní, "Ẹni tó ń bá òkun jà báyìí, kí la fẹ́ pè é bí kò ṣe Àjàní?" Nígbà tí ọkọ̀ Àjàní wọ inú ìkùukùu, omi lé ròrò sójú Tóbilọ́ba. Ó ní èéfín sítóòfù ló kó sí òun lójú. Kò sì sẹ́ni tó ń dáná ní gbogbo ilé yẹn. Ọjọ́ náà ni Hephzibah ti mọ̀ pé òun ó fẹ́ ẹ.

Tóbilọ́ba ti wá di ọmọ ọ́fíìsì báyìí. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ìdájí ló ń wọkọ̀ ní gáréèjì Kuto, táì lọ́rùn, bàtà tó ń dán. Ó ti sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé Hephzibah lòun fẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ṣàdédé gbé ọmọ ẹni tí a ò mọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí. Ní ìdílé Tóbilọ́ba, Àǹtí Mosúnmọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ni ọ̀gá ìwádìí. Mátírọ́ọ̀nù ni wọ́n ní ọsibítù kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Bí wọ́n bá wò ọ́ lójú, wàá sọ ibi tó ń dùn ọ́, wàá tún sọ ibi tí kò dùn ọ́ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni Àǹtí dé, Tóbilọ́ba tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Inú Hephzibah dùn, ó ṣe bí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni wọ́n wá mú.

"Ẹ kú ilé o, sà," ni Àǹtí wí.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ wá jókòó," ni Pápá Herbert dá wọn lóhùn.

Hephzibah kúnlẹ̀, ó gbé omi tútù wá. Àǹtí ò fọwọ́ kàn án. Àlejò tí kò mu omi, ọ̀rọ̀ ló gbé wá.

"Ẹ má bínú sí mi, sà," ni Àǹtí wí. "Ohun tó bá yẹ ká sọ, kò yẹ ká gbé e mì. Hephzibah, ta ni Àjàní?"

Ẹ gbà mí! Ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ yìí ṣe? Ẹ̀rín ló rín. Ó rò pé Àǹtí ti di olólùfẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì òun.

"Háà, Àǹtí! Ẹ̀yin náà mọ Àjàní? Mo ti ń retí ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní Alábàtà, mà! Kò sóru kan kí n má ronú kàn án."

Pápá Herbert bọ́ gíláàsì ojú wọn. "O ń retí ta ni?"

Àǹtí fa báàgì wọn sọ́dọ̀. Wọ́n mú fóònù jáde nínú báàgì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ohùn Hephzibah fúnra rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀ kan: "Àjàní, ibi yòówù kí o wà, jọ̀ọ́, padà wá. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ìyá ẹ ṣì ń dúró dè ẹ́."

"Onídìrí tó wà nísàlẹ̀ ilé yín ló fi ránṣẹ́ sí ẹni tí mo rán," ni Àǹtí wí. "Ó ní ọmọ dáadáa ni Hephzibah, kì í jà, kì í rìnrìnkurìn, àfi pé létí wíńdò, ní ìrọ̀lẹ́, orúkọ ọkùnrin kan ló ń pè."

Ìgbà yẹn ló tó yé Hephzibah ohun tí wọ́n ń rò. Ó fẹ́ ṣàlàyé, àlàyé ò sì bọ́ sí ẹnu rẹ̀ létòlétò.

"Kì í ṣe ọkùnrin, mà."

"Obìnrin ń jẹ́ Àjàní?"

"Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn."

"O sì mọ ìyá ẹ̀?" ni Pápá bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà, àmọ́ ìyá náà kì í ṣe èèyàn."

"Jésù!" Àǹtí fọwọ́ lé àyà.

Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an. Hephzibah sáré mú fóònù tirẹ̀, ó fi Àjàní hàn wọ́n nínú ọkọ̀ ojú omi. Pápá Herbert gbé gíláàsì wọn padà sójú, wọ́n wò ó títí. "Ta ló kun irun ọmọ yìí láró?" ni wọ́n bèèrè. Hephzibah ní àwòrán ni, sà, kàtúùnù ni, eré tí wọn ò parí ni, àwọn tó ṣe é lòun ń bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe apá kejì.

Àǹtí ò gbà. "Ìwọ, odidi ọmọge, o wá ń fi ohùn ẹkún pe àwòrán? Ta lo rí tó ń ṣe irú ẹ̀?"

Ara wá tu Hephzibah wàyí, nítorí pé ẹlẹ́rìí rẹ̀ jókòó síbẹ̀. "Tóbi, jọ̀ọ́, sọ fún wọn."

Gbogbo wọn yíjú sí Tóbilọ́ba. Ó fa táì rẹ̀, ó wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé ìwọ mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí?" ni Àǹtí bi í.

"Rárá o, mà," ni Tóbilọ́ba wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi kì í wo kàtúùnù."

Hephzibah ṣe bí òun ò gbọ́ dáadáa. Ó wo ẹnu Tóbilọ́ba, bóyá ẹlòmíì ló ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó rò ó pé ọgbọ́n ni, pé ó fẹ́ sọ ọ́ bọ̀ wá síbì kan. Kò sọ ọ́ dé ibì kankan. Ó kàn jókòó, bàtà rẹ̀ ń dán.

Ohun tó tún wá da orí rẹ̀ rú pátápátá ni pé ọ̀rọ̀ náà yanjú wọ́ọ́rọ́wọ́. Àǹtí fúnra wọn gba fóònù, wọ́n wo Àjàní díẹ̀, wọ́n rí i pé àwòrán ni lóòótọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ Pápá Herbert, wọ́n bẹ Hephzibah, wọ́n gbé omi, wọ́n mu ún tán. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí Hephzibah fi àwọn sórí ṣánẹ́ẹ̀lì náà, pé ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ á dé láìpẹ́. Tóbilọ́ba ṣẹ́jú sí i lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí wọ́n jọ borí ogun.

Àfi bí Pápá Herbert ṣe padà wọlé tí wọ́n bá ọmọ wọn tó ń sunkún.

"Kí ló tún dé? Ọkùnrin kankan ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gbà. Wọ́n ti mu omi."

"Òun ló sọ ọ́ lórúkọ, sà."

"Ta ló sọ ta lórúkọ?"

"Tóbilọ́ba. Òun ló sọ Àjàní lórúkọ. A jọ wò ó ni. Ó fẹ́ràn ẹ̀ jù mí lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yé Pápá, ṣùgbọ́n wọn ò kà á sí eré. Wọ́n rò ó títí. "Pétérù náà sẹ́," ni wọ́n wí. "Àmọ́ nígbà tó yá, Pétérù sunkún. Fún un láyè, kó sunkún tiẹ̀."

Hephzibah fún un láyè. Nígbà tí Tóbilọ́ba pè é láti Kuto, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ṣebí ó ti yọrí? Ó ní kí ló fẹ́ kóun wí, kí Àǹtí máa rò pé ọkùnrin bíi tòun ń jókòó ti kàtúùnù? Hephzibah ò mọ̀ bóyá ó yẹ kóun bínú ni tàbí ó yẹ kóun tọrọ gáfárà. Bó bá wò ó lọ́tùn-ún, á dà bíi pé Tóbilọ́ba jàre. Bó bá wò ó lósì, inú á bí i. Kò gba ohùn kankan sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Tóbilọ́ba mú ọjọ́ wá. Ó jókòó sí fàráńdà, Hephzibah gbé omi fún un. Kò tíì mu ún tí fóònù Hephzibah fi dún. Àǹtí Mosúnmọ́lá ni.

"Hephzibah, ìwọ ọmọ yìí, o ti kó bá mi! Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, a ò sùn. Jọ̀ọ́, ṣé Àjàní á padà wálé?"

Ayọ̀ sọ nínú Hephzibah. Ọ̀nà là báyìí! Àǹtí fúnra wọn ti fẹ́ràn ẹ̀, ìtìjú dà níbẹ̀ mọ́? Gbogbo ìgbà ni Tóbilọ́ba máa ń bá a jiyàn pé Àjàní á dé, dandan ni. Ó fi fóònù sí i lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ bi Tóbilọ́ba, mà. Òun ló mọ̀ ọ́n jù."

Ó ń wò ó. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú.

Tóbilọ́ba rẹ́rìn-ín ọ́fíìsì. "Àǹtí, kí lèmi fẹ́ mọ̀? Eré ọmọdé ni. Ẹ má jẹ́ kí Hephzibah sọ yín dà bó ṣe dà."

Hephzibah gba fóònù rẹ̀ padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àǹtí, wọn ò ṣe apá kejì, mà."

"Yéè! Wọ́n wá fi ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀ létí omi bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wá yẹ kó ṣe?"

"Kó gbé àtùpà rẹ̀, kó máa lọ sílé, mà," ni Hephzibah wí. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Tóbilọ́ba. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Máa lọ, Tóbi. Mi ò fẹ́ mọ́."

"Nítorí kàtúùnù?"

"Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ, ojú sì tì ọ́ láti sọ pé o mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí ojú bá wá tì ọ́ nítorí tèmi ńkọ́?"

Tóbilọ́ba dìde. Ó wo Hephzibah bí ẹni tí wọ́n fi èdè tí kò gbọ́ bá sọ̀rọ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní fàráńdà.

Pápá Herbert yọjú láti pálọ̀. "Ṣé wọ́n ti mú ọjọ́ ni?"

"Wọn ò mú un, sà. Mo ní kó máa lọ."

Pápá wo ẹ̀yìn Tóbilọ́ba tó ń lọ lójú títì, wọ́n wo ọmọ wọn, gbogbo rẹ̀ pòrúrùú mọ́ wọn lójú.

"Àbí Àjàní ti padà dé ni?" ni wọ́n bèèrè.

Hephzibah bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Rárá, sà," ló wí. Ó gbé ife omi tí Tóbilọ́ba ò mu, ó sì wọlé.