Àwọn Lẹ́tà inú Apẹ̀rẹ̀ Ọpẹ́

Èdè àwọn ará ibẹ̀ mà kúrú o! Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbà lọ́kàn nìyẹn, ó sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Òun á sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, á ṣàlàyé àìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, télọ̀ tó ń bá a ṣe ògbufọ̀ á kàn sọ gbólóhùn méjì, ó parí. Aláìsàn á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dìde, á máa lọ.

"Télọ̀, ṣé gbogbo ẹ̀ náà lo sọ yẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Màmá Nọ́ọ̀sì. Èdè tiwa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò."

"Jọ̀ọ́, wá fi kọ́ pásítọ̀ wa nílé. Ká lè máa tètè kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wù ú. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní ìlú nọ́ọ̀sì kó tó padà sílé, ó sì gbọ́ èdè wọn ju àwọn ọmọ kan tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì ló mú un wá síbẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn méjì péré tí ìyá wọn fi sáyé lọ. Màmá Míṣọ̀n ni gbogbo ìjọ ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí òun ló ń kó àwọn oníṣègùn ìjọ lọ sílẹ̀ òkèèrè lọ́dọọdún láti tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi bẹ àbúrò rẹ̀. "Ìwọ ni ojú mi, ìwọ ni ọwọ́ mi," ló ń wí. "Ta ni mo tún ní?" Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ni dàgbà kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń kọ̀ sí lẹ́nu lọ títí. Nọ́ọ̀sì kó ìsinmi ọdún rẹ̀ jọ, ó tẹ̀lé e.

Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n fi ṣe ibi ìtọ́jú. Wọ́n ta aṣọ ibùsùn sáàárín, wọ́n to bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìṣirò àwọn ọmọ sì wà lára pátákó síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wẹ egbò. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ̀ pé àìsàn kan wà tí a kì í wò nínú kíláàsì. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n débẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá, ìrìn wákàtí méjì, ó bẹ dókítà oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ títí tíyẹn fi gbà. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá mú lẹ́tà nọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ Ajé, òun máa rí i. Mọ́kànlá ni lẹ́tà tí nọ́ọ̀sì kọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta.

Lẹ́tà keje jẹ́ ti obìnrin alágbàfọ̀ kan, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, tí ọṣẹ ti bó lọ́wọ́. Kókó kan wà lọ́mú rẹ̀ òsì, ó le bí èkùrọ́, kò sì yẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì fìka tì í.

"Sọ fún un pé ohun tó wà níbí yìí kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré," ló wí fún télọ̀. "Mi ò lè wò ó níbí. Kó mú lẹ́tà yìí lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ Ajé, kó má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ yẹn. Sọ fún un pé irú ẹ̀ ló pa ìyá tó bí mi, torí pé a pẹ́ ká tó lọ."

Télọ̀ wolẹ̀. Ó wá sọ gbólóhùn méjì. Alágbàfọ̀ pàtẹ́wọ́, ó dì mọ́ nọ́ọ̀sì, ó ń sunkún ayọ̀. Nọ́ọ̀sì rò ó pé obìnrin yìí mà lọ́kàn o, ẹni tí a sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún tó ń yọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, torí àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa wọ bàálù. Kámẹ́rà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta níwájú. Wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde. Alágbàfọ̀ ló ṣíwájú, ó jó, ó sọ̀rọ̀, ó ju ìwé kan sínú apẹ̀rẹ̀ ọpẹ́. Ẹlòmíràn tẹ̀lé e, òun náà jùwé sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn. Nọ́ọ̀sì ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sí bí wọ́n ṣe ká ìwé náà. Sí mẹ́ta ni. Ó sún mọ́ apẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Lẹ́tà rẹ̀ ni, mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

Ó fa télọ̀ lápá lọ sẹ́yìn kíláàsì.

"Kí lo sọ fún wọn?"

Télọ̀ ò lè gbójú sókè. "Màmá, ẹ má bínú. Màmá Míṣọ̀n ló ní kí n má kó ìbẹ̀rù bá wọn. Wọ́n ní kí n sọ pé Ọlọ́run ti parí ẹ̀, kí wọ́n kàn mú ìwé yẹn wá fi dúpẹ́. Mo rò pé ẹ jọ mọ̀ sí i ni. Ẹ̀gbọ́n yín ṣáà ni."

Ó dùn ún wọ egungun. Ká ní àlejò ló ṣe é ni, nọ́ọ̀sì ì bá bínú, á sì tán níbẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, ó ń tún gèlè ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́tà mi ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn."

"Rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń ká ohùn."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó parọ́ fún wọn?"

"Irọ́ kọ́, ìgbàgbọ́ ni. Bí àwọn ará ìjọ nílé ò bá rí ẹ̀rí, ta ló máa rán wa wá lọ́dún tó ń bọ̀? Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rin la tọ́jú, o wá ń tìtorí èèyàn mọ́kànlá da gbogbo ẹ̀ rú."

"Kókó ọmú ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Àwa méjèèjì la jọ ń wẹ egbò Màmá."

"A ò ha gbé Màmá lọ sọ́sibítù? Kí ni wọ́n rí ṣe sí i?"

"A pẹ́ ni! Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, létí sàréè, ẹ̀ ń fọwọ́ lu àyà."

Màmá Míṣọ̀n yíjú sí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Nọ́ọ̀sì rìn lọ síwájú gbogbo wọn, ó kó lẹ́tà rẹ̀ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Orin dákẹ́. Ó wá orúkọ alágbàfọ̀ jáde, ó na ìwé náà sí i. Ẹ̀rín ni obìnrin náà ń rín, ó ń tì í padà, pé rárá, ọpẹ́ ni.

"Télọ̀, dúró síbí. Ohun tí mo sọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, sọ ọ́ fún un."

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò gbọ́ èdè náà, ta ni yóò sì jẹ́rìí fún un pé kì í ṣe irọ́ mìíràn ló tún ń pa? Ojú alágbàfọ̀ ló ń wò. Ọ̀rọ̀ télọ̀ gùn. Ó gùn títí, ó ń sinmi, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú obìnrin náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọmú òsì, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé òótọ́ ti délẹ̀.

Obìnrin náà gba lẹ́tà. Ó wá gbójú sókè, ó wo nọ́ọ̀sì tó dì mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó wò ó bí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ṣe wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èdè tí nọ́ọ̀sì lè fi sọ pé òun kọ́ ló parọ́ yẹn. Lẹ́tà mẹ́wàá ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.