Ẹni Tó Pa Ẹ́ńjìnì Àkọ́kọ́

Odindi ọdún kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lágbo ilé wọn n'Ìkéré pé Fadékẹ́mi ló wa mọ́tò ọkọ rẹ̀ títí ẹ́ńjìnì fi kú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ obìnrin wúwo. Olúrẹ̀mí, ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, kò tilẹ̀ bi í léèrè. Ó kàn ra ẹ́ńjìnì mìíràn, ó ní kó rọra máa wà á. Ẹni tí ì bá kín in lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́ yẹn. Olùkọ́ ni Fadékẹ́mi, ojoojúmọ́ ló ń wa mọ́tò náà lọ sí Ògòtún, kò sì wà á níwàkuwà rí. Ó fura sí Ìbíkúnlé, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú mọ́tò náà nígbà yẹn, àmọ́ kò ní ẹ̀rí. Ló bá kúkú kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ó sì ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, ó ti fi jáàkì gbé mọ́tò, ó ti ki gẹdú sábẹ́ rẹ̀, ó sì ti tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì dúdú ń dà sínú abọ́ nígbà tí baba ọkọ rẹ̀ jáde, tó rí ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ mọ́tò.

"Obìnrin ulé mi è é sùn sí ulẹ̀ lójú ọ̀nà," ni Baba wí. Ó pe Ìbíkúnlé lórí fóònù, ó ní kó wá parí iṣẹ́ ọkùnrin.

Ojú ti Baba, ṣùgbọ́n ọ́ìlì dúdú tí Fadékẹ́mi ń dà yìí náà ló máa ń bù lọ kun òpó abà kòkó rẹ̀ nítorí ikán! Ojú kì í tì í nígbà yẹn. Inú bí Fadékẹ́mi gan-an. Ó wọlé lọ fọwọ́.

Kó tó padà, Ìbíkúnlé ti dé, ó ti ṣí ìdérí òkè, ó sì ti rọ ọ́ìlì tuntun sí i tán. Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Gbogbo ohun tó rọ lókè ló ń jáde nísàlẹ̀, tó ń dà lé ọ́ìlì dúdú inú abọ́. Baba ní ó mà ń jò. Ìbíkúnlé ní bóyá ó kún jù ni.

Fadékẹ́mi jáde padà, ó bi í níbo ló máa ń gbà da ògbólógbòó ọ́ìlì jáde láyé ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́.

Ìbíkúnlé họrí. "A kàn máa ń bu tuntun kún un ni, tíṣà."

Ẹni tó bá ti da ọ́ìlì rí kò ní ṣàì wo ìdí ẹ́ńjìnì kó tó rọ òmíràn sí i. Ògbólógbòó ọ́ìlì tí Ìbíkúnlé kò dà nù rí ló pa ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́. Baba náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló mú Ìbíkúnlé wá láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nígbà náà, tó ní kí wọ́n fún un níṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé aṣìṣe ni, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

"Bàbá, gbangba lẹ ti fi mí ṣẹ̀sín," ni Fadékẹ́mi wí. "Ọ̀rọ̀ ò ní í parí sábẹ́ mọ́tò. Ẹ pe Olúrẹ̀mí."

Baba wo abọ́ náà. Ó yọ fóònù rẹ̀.

"Olúrẹ̀mí," ló wí, "aya rẹ kọ́ ló pa mọ́tò. Èmi ni mo mú ẹni tó pa á wá ulé."