Iwin Tí Kò Tíì Jáde Ní Sẹ́kọ́ńdìrì

Tíṣà Harriet ka ìwé náà tán lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Olúwa, kí ni mo ṣe?" Ọpẹ́mipọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó tọ́ dàgbà ní Doka, nílùú Kaduna, ló kọ ọ́. Àlọ́ tí ìyá àgbà máa ń pa fún un ló sọ di ìwé Òyìnbó fún àwọn ọ̀dọ́, ó sì fún un ní àkọlé tó túmọ̀ sí Ṣíbí Ẹ̀jẹ̀.

Ta ni kò mọ àlọ́ náà? Ọmọ òrukàn lọ fọ ṣíbí lódò, odò gbé ṣíbí lọ, ìyàwó bàbá rẹ̀ ní kó má padà wálé láìmú un bọ̀. Ó tẹ̀lé odò títí ó fi bá arúgbó kan tí egbò bo ara rẹ̀. Ó fọ ẹ̀yìn fún un, arúgbó sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ìyàwó bàbá bá rán ọmọ tirẹ̀ náà lọ, ìyẹn yínmú sí arúgbó, ó sì jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Nínú ìwé Ọpẹ́mipọ̀, arúgbó ti dàwátì. Ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan ló jókòó sétí odò Kaduna. Iwin ni, ojú rẹ̀ ń tàn bí iná mọ́tò, ó ti lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún láyé, síbẹ̀ SS2 ló ṣì wà. Gbogbo ọdún tí Tíṣà Harriet fi kọ́ni ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò rí irú olódo bẹ́ẹ̀ rí. Iwin yìí á bu ètè ara rẹ̀ jẹ, á ní kí ọmọbìnrin náà jìnnà sí òun, á sì tún tọ̀ ọ́ lọ sílé. A ní ká jẹ èkuru kó tán, ó tún ń gbọnwọ́ rẹ̀ sáwo. Ṣíbí sọnù ní orí kejì, ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀ mọ́. Ọmọ ìyàwó bàbá, tí gbogbo ẹ̀kọ́ àlọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ mọ́tò ní gáréèjì Mando, ó gba Àbújá lọ, ó parí.

Bó bá jẹ́ ti ìwé burúkú nìkan ni, ìyá náà ìbá fi rẹ́rìn-ín, kó gbàgbé. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ti gba Ọpẹ́mipọ̀ wọlé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, ọmọ náà sì ti là á mọ́lẹ̀.

"Kaka," ó ní, bí àwọn ọmọ Kaduna ti ń pe ìyá àgbà, "bí ìwé yìí bá tà, wallahi, writer ni mo máa jẹ́. Babu, kò sí nọ́ọ̀sì mọ́."

Ephraim, ọmọ Tíṣà Harriet, ti gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Tudun Wada fún ìkójáde ìwé náà. Òun fúnra rẹ̀ kì í kà ju ìròyìn bọ́ọ̀lù lọ. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì yàn pé kó yẹ ìwé wò fún àwùjọ.

Kí ni kó sọ? Bó bá bú ìwé, ojú yóò ti ọmọ láàárín ìjọ. Bó bá yìn ín, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ kúrò nílé-ìwé nọ́ọ̀sì nìyẹn. Ó dùn ún dé ọkàn. Ìgbà tó yá ni ọgbọ́n kan sọ sí i: kò ní yìn, kò ní bú, àlọ́ gan-an ni yóò pa. Ẹni tó bá gbọ́ ojúlówó, kí ni yóò fi ayédèrú ṣe?

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Àwọn àgbà ń jẹ ẹ̀pà, àwọn ọ̀dọ́ doríkodò sí fóònù. Tíṣà Harriet kọ́ wọn ní ègbè, ó bẹ̀rẹ̀ àlọ́, ó sì dá orin ọmọ òrukàn létí odò.

"Odò tó ń lọ, dúró gbọ́ mi."

"Ṣàn wẹ́rẹ́," ni wọ́n dáhùn.

"Ṣíbí ilé lo gbé lọ."

"Ṣàn wẹ́rẹ́."

Àwọn ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá òbí wọn lóhùn ń gbe orin. Nígbà tó dé orí egbò arúgbó, Ephraim ń fi fìlà nu ojú. Tíṣà Harriet parí àlọ́, kò dárúkọ ìwé, ó sọ̀kalẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú.

Kò tíì jókòó tí èrò fi ya bo tábìlì ìwé.

"Ṣé inú ìwé yìí ni orin yẹn wà?" ìyá kan bèèrè, kò sì dúró gba èsì. "Ẹ fún mi ní mẹ́ta, àwọn ọmọ mi wà ní Lọ́kọ́ja."

Wọ́n rà á tán pátá. Kódà, ẹ̀dà tí Tíṣà Harriet ti fi bírò pupa kọ àṣìṣe inú rẹ̀ sí, wọ́n gbé e kúrò lórí àga rẹ̀, wọ́n rà á.

Níta, Ọpẹ́mipọ̀ dì mọ́ ọn, ó ń dúpẹ́. "Kaka, na gode."

"Ọpẹ́mipọ̀, ohun tí mo sọ kò sí nínú ìwé rẹ."

"Mo mọ̀, mà."

"Bí wọ́n bá délé tí wọ́n kà á ńkọ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹ̀gàn nínú ẹ̀rín náà. "Ìwé tí ẹ rà níbi ìkójáde Pásítọ̀ ńkọ́, Kaka? Ti Alàgbà Adégbọlá ńkọ́? Èwo lẹ kà nínú wọn?"

Tíṣà Harriet rántí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, níbi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kún sí, tí kò ṣí ọ̀kankan wò rí. Kò lè purọ́ fọ́mọ.

"N kò ka ìkankan," ó ní.

"To, ẹ ò rí i," ni Ọpẹ́mipọ̀ wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n lè sọdá títì. "Mo ti pe ilé-ìwé nọ́ọ̀sì. Mo ní kí wọ́n fi àyè mi fún ẹlòmíràn."