Ta Ló Sìn Yín Sọ́nà?

“Ẹ̀gbọ́n, mo lá àlá kan mọ́jú òní.”

Ohun tí Tíṣà Ládépò fi ṣe ìkíni àárọ̀ nìyẹn. Kò bọ́jú, kò wọ bàtà, ó kàn lọ dúró síwájú Ìyá Dérìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbá àgbàlá lọ́wọ́. Ìyá Dérìn kò dá ìgbálẹ̀ dúró. Ó ní, “Ṣé àlá rere ni?” Ládépò ní òun ò mọ̀, kí wọ́n ṣáà bá òun gbọ́ ọ. Bó ṣe sọ ọ́ náà ni mo fẹ́ sọ ọ́ yìí. N ò ní bu iyọ̀ sí i, nítorí àlá náà fúnra rẹ̀ ti níyọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ládépò ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ máa gbé e láti Ìlá lọ bá bàálù l’Ékòó. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì fẹ́ ṣe ìpàdé níbẹ̀, wọ́n sì pè é. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya odò Tẹ́mùsì sára pátákó fún àwọn ọmọ iléèwé, tó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí afárá orí rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ; bẹ́ẹ̀, Kútọnu tó wà nítòsí yìí, kò dé ibẹ̀ rí.

Gbogbo ètò ti parí. Ìyá Dérìn kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwọn nínú àgbàlá kan ṣoṣo. Ìbídùn, ìyàwó Ládépò, ló ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀ òyìnbó ná, kí ẹ tó pè wọ́n.” Ládépò gbà. Ó gbà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Kékeré ló wà tí ìyá wọn fi kú. Ìyá Dérìn ló tọ́ ọ. Nígbà tó lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń sùn síbẹ̀, òun ló ń ru àpótí rẹ̀ sìn ín sọ́nà ní gbogbo ìgbà tí ìsinmi bá parí, títí dé afárá kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú. Níbẹ̀ ló ti máa ń sọ àpótí kalẹ̀, á fún un ní gààrí nínú ike, á ní, “Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ ló máa gbé ọ bọ̀.” Á sì yí padà sílé, kò ní wẹ̀yìn.

Ó yá, ẹ gbọ́ àlá.

Àpótí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àpótí tuntun tí Ládépò fẹ́ gbé lọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, wọ́n fi aṣọ àtijọ́ bò ó. Nínú àlá náà, ó jáde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku dànù, ó ní, “Tíṣà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí sú mi o. Ṣé wọ́n jí mi gbé ni?”

“Jọ̀ọ́, rọra sọ̀rọ̀,” ni Ládépò wí. “Ẹ̀gbọ́n mi wà níta.”

“Ojú fèrèsé la máa gbà nígbà náà nìyẹn?”

Ládépò ní bẹ́ẹ̀ ni. Àpótí mí kanlẹ̀, ó kọ́kọ́ bẹ́ jáde, Ládépò tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n ṣe gba ojú fèrèsé bọ́ sílẹ̀, inú bàálù ni wọ́n bọ́ sí. Kíláàsì Ládépò náà ni bàálù ọ̀hún. Páànù tó ń jò ló wà lókè, àga onígi ló wà nílẹ̀, pátákó wà níwájú. Awakọ̀ dúró ti pátákó, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ibi tó bá yà á dé ni wọ́n ń fò dé. Ládépò rí i pé ó ti ya Òkun Àtìláńtíìkì kéré jù. Ó fẹ́ na ọwọ́ sókè láti tún un ṣe, ló bá rántí pé àlejò lòun, kì í ṣe òun ló ni kíláàsì lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè dé.

Lọ́ńdọ̀nù wà níbi tó máa ń wà lórí pátákó gan-an. Odò Tẹ́mùsì aláwọ̀ búlúù ń ṣàn láàárín rẹ̀, nígbà tí Ládépò sì ti ìka bọ̀ ọ́, ìka náà jáde pẹ̀lú ẹ̀bu ṣọ́ọ̀kì. Inú rẹ̀ dùn. Ó wí fún àpótí pé ibi tí òun ń ya odò náà gbà láti ọjọ́ yìí wá, ibẹ̀ náà ló gbà.

Aago ńlá kan wà lórí ilé gogoro létí odò. Aago náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù níbi tí ẹ ti ń bọ̀? Tèmi ti dákẹ́.”

Ládépò wo ọwọ́ rẹ̀, ó sọ fún un.

“Háà,” ni aago wí, “wọ́n ti ń gbálẹ̀ nílé yín nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Ládépò láyà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́, ó sì kọjá lọ.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò léfòó sórí odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí igbá tó já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ abọ́. Èyí ò ya Ládépò lẹ́nu rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ pé omi ló yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká, kí ló tún kù tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe ju kó máa léfòó lọ? Ó tò sórí omi bí àwọn àlejò yòókù ṣe tò. Nígbà tó yá ló ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ló ní ẹnì kan lẹ́yìn. Ará Ṣáínà kan wà níwájú rẹ̀, bàbá arúgbó kan sì di apá aṣọ rẹ̀ mú. Obìnrin kan tó wé gèlè funfun wà lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ rọ̀gbà yí i ká. Lẹ́yìn Ládépò, àpótí nìkan ló wà.

Ó kàn án. Àwọn ọ̀gá tó jókòó nídìí tábìlì gba ìwé rẹ̀. Ọ̀gá àgbà, tó de táì pupa, ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

“Ìwé ìrìnnà yín dáa,” ló wí. “Físà yín dáa. Ta ló sìn yín sọ́nà?”

Ládépò ní, “Ẹ̀n?”

“Ẹni tó sìn yín kúrò nílé. Ta ni?”

“Kò sí, sà. Ìrìn àjò náà… a rọra ṣe é ni.”

Àwọn ọ̀gá wo ara wọn. Inú wọn ò dùn, wọn ò sì bínú. Ó jọ pé àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Èyí tó jókòó sí apá òsì tẹ orí ba, ó ní, “Tíṣà, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò sìn sọ́nà, kò tíì kúrò nílé. Báwo la ṣe fẹ́ gba ẹni tí kò tíì kúrò nílé wọlé?”

Ládépò rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó ní, “Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n padà sílé, sà.”

“Ẹni tí kò kúrò nílé,” ni ọ̀gá àgbà wí, “báwo ló ṣe máa padà síbẹ̀?”

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni irùngbọ̀n kékeré kan yọ lágbọ̀n rẹ̀. Etí rẹ̀ gùn, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di ewúrẹ́. Táì pupa ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn yòókù náà di ewúrẹ́ tẹ̀ lé e, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń tẹ̀ lé ọ̀gá. Ládépò dá wọn mọ̀. Àwọn ewúrẹ́ Ìyá Dérìn ni; ọ̀gá àgbà ni èyí tí ìwo rẹ̀ kan wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà ní ipò, ipò rẹ̀ là ń wò. Ládépò ò yéé sọ pé “sà”.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.”

Ewúrẹ́ náà fa físà ya, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kà á. Ó ní, “Ẹ lọ wá ẹni tó máa sìn yín.”

Ládépò yíjú sí àpótí. “Ìwọ ńkọ́? O ò lè sìn mí?”

“Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ ti mú mi, ojú fèrèsé lẹ mú mi gbà,” ni àpótí wí. “N ò mọ ọ̀nà.”

Wọ́n ń rìn lọ létí odò, àwọn méjèèjì, títí wọ́n fi dé ibi afárá ńlá. Ládépò mọ afárá náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àmọ́ bó ṣe gun orí rẹ̀, afárá náà ń kéré sí i, ń kéré sí i, koríko ń hù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí tó fi di afárá kékeré ìpẹ̀kun ìlú wọn. Ìyá Dérìn wà níbẹ̀. Ó dúró, ó gbé ike gààrí mọ́ àyà. Sálúbàtà rẹ̀ tí wọ́n fi wáyà so ló wọ̀. Ó jọ ẹni tó ti dúró pẹ́.

Ládépò sáré lọ bá a. “Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ ń ṣe níbí?”

Ìyá Dérìn gbójú sókè. Kò dá a mọ̀. Ó tẹ orúnkún fún un bí obìnrin ṣe ń kí àlejò ọlọ́lá, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹnì kan ni mò ń dúró dè. Wọ́n ní ẹnì kan ń rìnrìn àjò nínú ilé wa, mo fẹ́ sìn ín dé ibí.”

“Ta ni ẹni náà?”

“Wọn ò tíì sọ fún mi.”

Kò sí ohun tó dun Ládépò tó èyí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìyá Dérìn tó tọ́ ọ ń kúnlẹ̀ fún un, ó ń pè é ní sà! Ó la ẹnu láti sọ pé, “Èmi ni,” ṣùgbọ́n ẹ̀bu ṣọ́ọ̀kì ló tú jáde. Ó tún la ẹnu, ẹ̀bu náà tún tú jáde.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ni Ìyá Dérìn wí. “Ẹ̀yin náà ò rẹ́ni sìn yín ni? Ẹ gba gààrí yìí. Ó jọ pé ẹni tí mò ń dúró dè ti lọ.”

Ó gbé ike náà lé e lọ́wọ́, kò gbàdúrà kankan, ó yí padà sílé, kò wẹ̀yìn. Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ dání, ó ń gbá ọ̀nà bó ṣe ń lọ. Ṣọ́ọ̀kì sì ni gbogbo ìlú náà, ibi tó bá gbá ni ó ń parẹ́. Ó gbá afárá, afárá parẹ́. Odò parẹ́, aago parẹ́ pẹ̀lú ilé tó gbé e ró, ọ̀nà ilé náà parẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ku Ládépò nìkan lórí pátákó dúdú, òun àti àpótí rẹ̀, àti ewúrẹ́ onítáì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń bi í léèrè pé ta ló sìn yín, ta ló sìn yín, títí ohùn rẹ̀ fi di ohùn ewúrẹ́ lásán.

Ládépò lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Ewúrẹ́ oníwo wíwọ́ ti ti orí bọ ojú fèrèsé, ó ń jẹ rìbọ́ọ̀nù pupa tí Ìbídùn fi sílẹ̀ síbẹ̀, èyí tó fẹ́ so mọ́ ọwọ́ àpótí kí wọ́n lè dá a mọ̀ ní pápákọ̀. Ìró ìgbálẹ̀ ń dún níta, ṣáá, ṣáá. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lé ewúrẹ́: “Kúrò lójú fèrèsé yẹn! Jẹ́ kí Àdìgún sùn, ó ń lọ síṣẹ́.”

Ìyá Dérìn nìkan ló kù láyé tó ń pè é ní Àdìgún.

Ó dìde. Ìbídùn di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ní, “Níbo?” Ó ní, “Mò ń lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.” Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù náà sílẹ̀.

Bó ṣe wá rò ó fún Ìyá Dérìn nìyẹn, láti orí àpótí tó sọ̀rọ̀ títí dé orí pátákó dúdú. Ìyá Dérìn rẹ́rìn-ín nígbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ di ọ̀gá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi afárá, ìgbálẹ̀ dúró.

“Lọ́ńdọ̀nù yìí,” ni Ìyá Dérìn wí, “ṣé inú àlá nìkan ló wà?”

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sán òní ni mò ń lọ.” Ládépò dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ibi tí wọn ò tíì gbá.

Ìyá Dérìn rìn lọ bá ewúrẹ́, ó fa ìyókù rìbọ́ọ̀nù jáde lẹ́nu rẹ̀, ó nù ún sí ìró rẹ̀, ó ń wò ó. Omi wà lójú rẹ̀.

“Ta ló fẹ́ ru àpótí náà?”

“Ó ní táyà, Ẹ̀gbọ́n. Fífà la máa ń fà á.”

“Fífà,” ló wí. Ó rò ó díẹ̀. “A máa fà á dé ibi afárá nìyẹn. Kí ọkọ̀ yín wá bá wa níbẹ̀. Dìde nílẹ̀, Àdìgún. Jẹ́ n lọ wẹ̀.”

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó wọlé. Ìdajì àgbàlá náà ni wọn ò gbá lọ́jọ́ yẹn.