Ẹ̀rù Ìjẹ̀bú Ń Ba Bàrákàt

Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá Bàrákàt kò ti sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì ń wọ́ lọ lórí Old Kent Road ní London, Làtíìfù, bàbá náà, gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ìta. Bí bàbá bá ń pariwo, ọmọ á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Èyí tó dákẹ́ ni kí ènìyàn bẹ̀rù.

Olùkọ́ ìṣirò kò bú Bàrákàt. Ó ní ọmọ náà ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n ó ń sùn nínú kíláàsì, iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kì í pé, ìdánwò GCSE kò sì jìnnà mọ́. Ta ni kò ní sùn? Ọmọ tó ń sáré lórí pápá nírọ̀lẹ́ títí ẹsẹ̀ á fi máa gbọ̀n, tó tún ń padà lọ láàárọ̀ Sátidé. Eré onírinwó mítà ni tirẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í lé e bá. Bí wọ́n bá gba eré yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tó kù tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Síbẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní kí Sherifdeen, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, lọ kí ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn níbẹ̀. Ọmọ náà di báàgì péńpé, ó kó bàtà bọ́ọ̀lù sí i. Ìgbà tó débẹ̀, ara ìyá àgbà le koko, ó ń jẹ ẹ̀bà ní tirẹ̀. Sherifdeen ni kò tíì padà dé títí di òní, bàbá rẹ̀ tó mú un lọ ti kó ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà sí Brockley. Kò sí ọmọ Nàìjíríà ní Peckham tí kò mọ irú ìtàn yẹn, ti ọmọ tí kò kàwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé kó lọ kọ́gbọ́n.

Nígbà tí wọ́n délé, Làtíìfù bọ́ kóòtù, ó jókòó.

"Bàrákàt, lọ mú passport ẹ wá."

Ó mú un wá. Bàbá rẹ̀ ṣí i, ó ń wo ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ náà débi pé kò lè dúró gbọ́ ìdájọ́.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má send mi lọ sí Nigeria. Mi ò ní sáré mọ́. Wallahi, mi ò ní sáré mọ́."

Lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Rye Lane, wallahi kò ju iyọ̀ inú ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n á fi búra lórí adìyẹ díndín. Nínú ilé Làtíìfù, ìbúra ni. Ẹyin lohùn, ó sì ti balẹ̀.

Làtíìfù pa ìwé náà dé.

"Coach Malachi pè mí lánàá," ó ní. "Wọ́n fẹ́ mú ẹ lọ sáré ní Belgium in the holidays. Mo ní kí n wò ó bóyá passport ẹ ti expire. Inú bus ni mo ti ń rò ó pé kí n jẹ́ kó o lọ, tó o bá ṣèlérí pé wàá kàwé." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra ẹ ti fi orúkọ Ọlọ́run búra. Alhamdulillah. O gbọ́n jù mí lọ."

Bàrákàt fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ló mú òun sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá yí ohùn padà báyìí, ta ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí? Ìwé ìrìnnà náà ṣì wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Daddy," ó ní.

Làtíìfù gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà kóòṣì.